"Kà Á fún Mi": Àwọn Tó Ń Kọ́ Ọmọ Mẹ̀kúnnù Níwèé ní Ilẹ̀ Íńdíà

 

Kò sí ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní yunifásítì tí kò gbọ́ orúkọ Pāṇini. Bàbá yìí gbé ayé ní ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́, ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, ó sì fi òfin tó tó bí 4,000 tú èdè Sanskrit palẹ̀. Àwọn òfin náà kúrú, wọ́n ṣe é há sórí, àwa olùkọ́ sì ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ títí di òní. Mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní, nítorí ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé iṣẹ́ tí wọ́n rò pé Òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Pāṇini ni mo bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ni, ọmọ àgbẹ̀ tàbí ọmọ alágbàṣe ní abúlé kan ní Íńdíà òde òní. Ó wà ní kíláàsì karùn-ún. Ó ń wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán tí ìjọba ń sè fún wọn. Orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà. Bí a bá wá ṣí ìwé kíláàsì kejì sí i níwájú, tí a ní kó kà á, kò lè kà á.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò kéré níye. Àwọn tó sì jẹ́ kí ayé mọ bí wọ́n ti pọ̀ tó kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, kì í sì í ṣe àwa ará yunifásítì. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ni, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn láti ilé dé ilé.

Ẹgbẹ́ tó kó wọn jọ ń jẹ́ Pratham. Ìlú Mumbai ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990, ní àdúgbò àwọn tó ń gbé inú ilé páànù. Madhav Chavan, ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, àti Farida Lambay, olùkọ́ nínú iṣẹ́ àbójútó àwùjọ, ni wọ́n wà nídìí rẹ̀. Wọn kò dúró kọ́ ilé. Yàrá tí ẹnikẹ́ni bá yọ̀ǹda ni wọ́n ń lò, ìbáà jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnìkan, ìbáà jẹ́ ilé ìsìn. Ọ̀dọ́mọbìnrin àdúgbò tó bá ti kàwé díẹ̀ ni olùkọ́, àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ẹ̀kọ́ í lọ sì ni akẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tó di ọdún 2005 ni wọ́n dá àyẹ̀wò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ASER. Bí a bá pe ọ̀rọ̀ náà bí àwọn tó ń sọ Híńdì ti ń pè é, ó túmọ̀ sí ipa tí nǹkan ní. Ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mú 30 abúlé. Nínú abúlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mú 20 ilé. Ènìyàn méjì ni wọ́n ń rán sí abúlé kan: akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ kan ládùúgbò. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì sábà máa ń bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Ilé ni wọ́n ń lọ, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ọmọ tó sá nílé ìwé, ọmọ tí kò lọ rárá, àti ọmọ tó ń lọ sí ti aládàáni, ilé ni gbogbo wọn ń sùn. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an ni. Nínú iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀ka-èdè tiwa náà, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ èdè bí wọ́n ti ń sọ ọ́ kì í jókòó sí ọ́fíìsì kó ní kí àwọn ará abúlé wá bá òun.

Ohun èlò wọn kò ju ìwé pélébé kan lọ. Lẹ́tà wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kéékèèké wà níbẹ̀, ìpínrọ̀ kan wà tí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní yẹ kó lè kà, ìtàn kúkúrú kan sì wà tó bá ti kíláàsì kejì mu. Ìpínrọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún ọmọ. Bó bá kà á já, wọ́n á gbé ìtàn fún un. Bí kò bá lè kà á, wọ́n á padà sí ọ̀rọ̀, láti orí ọ̀rọ̀ dé orí lẹ́tà. Ibi tí agbára ọmọ bá pin sí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Kò sí pé kó mú A tàbí B tàbí D, kò sí pé kó yọjú wo ìwé ẹni tó jókòó tì í. Àgbà kan àti ọmọ kan ni wọ́n jọ jókòó, àgbà á sì wí pé: kà á fún mi.

Lọ́dún 2024, wọ́n dé abúlé 17,997 ní àgbègbè 605, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó lé ní 649,000. Nínú 100 ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ìgbèríko, àwọn tó lè ka ìtàn kíláàsì kejì kò pé 49. Ní 2018, wọ́n lé díẹ̀ ní 50. Ní 2022, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti ti ilé-ẹ̀kọ́ pa fún ìgbà pípẹ́, wọ́n já wálẹ̀ sí bíi 43. A kò sì lè sọ pé wọn kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2009, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ti sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti kàn-ń-pá fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́rìnlá, nínú 100 wọn, 98 ni orúkọ wọn sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní 2024. Ọmọ ti dé ilé ìwé. Ìwé ni kò tíì dé inú ọmọ.

Ọ̀nà ìkọ̀wé ni mo ń wá àpẹẹrẹ rẹ̀ fún kíláàsì mi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìwé pélébé yìí. Lẹ́tà Devanagari tí wọ́n fi ń kọ Híńdì kò rí bíi tiwa: kọ́ńsónáǹtì ni lẹ́tà gangan, fáwẹ̀lì a sì dà bí àmì tí wọ́n so mọ́ ọn lókè, nísàlẹ̀, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní barakhadi, tí orúkọ rẹ̀ jáde láti ara ọ̀rọ̀ wọn fún méjìlá: ka, kaa, ki, kii, ku, kuu, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí tí kọ́ńsónáǹtì kan á fi bá gbogbo fáwẹ̀lì rìn tán, tí òmíràn á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu tiwa náà kọ́ nìyẹn! Àwa tí wọ́n fi ohùn orin kọ́ ní ìsàlẹ̀ igi nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn kan lóde òní ka irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ sí ti ayé àtijọ́. Èmi kò sí lára wọn.

Àwọn Pratham fi káàdì yìí kún ìtàn àti eré, wọ́n sì fi òfin kan lé e lórí tó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan: ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń to ọmọ. Ọmọ kíláàsì karùn-ún tó dúró sí lẹ́tà yóò bá ọmọ kíláàsì kẹta tó dúró sí lẹ́tà jókòó, fún ìwọ̀n wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, ó kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀. Olùkọ́ ìjọba kì í sábà lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé ìlànà ń lé e lẹ́yìn, ó sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí ọdún tó parí, ìbáà jẹ́ àwọn mẹ́ta péré ni ó yé nínú ogójì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àgbègbè Jaunpur, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, ní 2005 sí 2006, ni mo máa ń rò jù lọ. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní 2019 pẹ̀lú Michael Kremer, bá Rukmini Banerji ti Pratham àti àwọn mìíràn dán ọ̀nà mẹ́ta wò. Ní àwọn abúlé kan, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n sì ṣàlàyé fún àwọn òbí nípa ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ tí òfin dá sílẹ̀ fún wọn. (Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ọ̀hún gan-an kò mọ̀ pé àwọn wà nínú ìgbìmọ̀!) Ní àwọn abúlé mìíràn, wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n sì tún kọ́ àwọn ará abúlé bí wọ́n á ṣe fi ìwé pélébé yẹ ọmọ wọn wò. Ní ẹgbẹ́ kẹta, wọ́n ṣe méjèèjì, wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní kíkà.

Ìpàdé kò mú ọmọ kankan kàwé. Ìmọ̀ pé ọmọ kò mọ̀wé náà kò mú un kàwé. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti jókòó kọ́ ọmọ nìkan ni nǹkan ti yí padà: ọmọ tí kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀, tó sì lọ sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ náà, mọ lẹ́tà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹni tó mọ lẹ́tà sì ń tẹ̀ síwájú sí ọ̀rọ̀ àti ìpínrọ̀. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí kò ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, ìdálẹ́kọ̀ọ́ wọn kò sì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó: àwọn ọmọ tó wá kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ abúlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó nílò rẹ̀ jù ni kò yọjú. Ìyá wà lóko, ẹran wà tí wọn ó dà, àbúrò wà tí wọn ó gbé pọ̀n.

Èmi náà ti fi ọwọ́ ara mi dán an wò. Nínú ọlidé kan, mo tẹ irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, mo sì pe àwọn ọmọ àdúgbò wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń lọ sí ìwé karùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ. Ó kọ́kọ́ mú ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wá láti fi yangàn. Ó ń fi ìka tọ ìlà, ó ń kà á geere, àwòrán ajá wà lókè ojú ìwé náà. Mo fi ọwọ́ bo àwòrán, mo sì tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ní àárín ìlà. Ó dákẹ́. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ó tún un kà títí ó fi dé ọ̀rọ̀ náà. Ó ti há gbogbo ojú ìwé náà sórí ni. Mo gbé ìwé Yorùbá fún un, ó wò ó títí, ó ní, "Wọn ò kọ́ wa ní èyí, sà." Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ilé, omi, ọwọ́, bàtà lọ, ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti ìgbà tó ti ní eyín. A bẹ̀rẹ̀ láti ba, be, bẹ. Kí ọlidé tó parí, ó ti ń ka ìpínrọ̀, ó sì ń ṣe àṣìṣe tí ẹni tó ń kàwé lóòótọ́ ń ṣe. Ìyá rẹ̀ wá kí mi. Ó dúpẹ́, ó dúró díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó tí mo ti ń san láti ọdún márùn-ún yìí, kí ni mò ń rà?" N kò rí èsì fún un.

Kì í ṣe èmi nìkan ni ìwé pélébé àwọn ará Íńdíà wọ̀ lójú. Ní 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú rẹ̀ ní Kẹ́ńyà, Tanzania àti Uganda lábẹ́ orúkọ Uwezo, ní 2015 sì ni wọ́n gbé e wá sí ìpínlẹ̀ Èkó àti Kánò lábẹ́ orúkọ LEARNigeria.

Ọ̀rọ̀ èdè wá kù, ibẹ̀ sì ni bàtà ti ń ta èmi lẹ́sẹ̀. Èdè ìpínlẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń yẹ ọmọ wò. Bí ọmọ bá ń sọ Híńdì nílé, tí wọ́n sì fi Híńdì yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára. Ti ọmọ tó ń sọ Bhili ńkọ́? Ìkànìyàn ọdún 2011 fi hàn pé àwọn tó ń sọ Bhili ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ kò sí nínú èdè 22 tí ìwé òfin Íńdíà dárúkọ. Gondi náà kò sí níbẹ̀. Santali rí ọ̀nà wọlé ní 2003, ó sì ní lẹ́tà tirẹ̀, Ol Chiki, tí Raghunath Murmu ṣe ní nǹkan bí ọdún 1925. Ìyẹn ni pé ó ti tó bí 80 ọdún tí àwọn tó ni èdè ti ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ kí ìwé òfin tó rántí wọn. Láti 1956 ni ìwé òfin kan náà ti ní kí wọ́n wá ọ̀nà láti fi èdè abínibí kọ́ ọmọ àwọn tí èdè wọn kò pọ̀ níye ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé, ìlànà ẹ̀kọ́ ti 2020 sì tún un sọ. Àwa tí a mọ ohun tí Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mọ bí ọ̀nà ti jìn láàárín ìlànà àti kíláàsì.

Ibí yìí gan-an ni olùyọ̀ǹda ara-ẹni tó jẹ́ ọmọ abúlé ti ju olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti ìlú mìíràn lọ. Bí ọmọ bá ka ọ̀rọ̀ Híńdì kan tí kò yé e, ọmọ abúlé rẹ̀ á sọ ọ́ fún un ní èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ ní ìdí ààrò. Kò sí owó tó lè ra ìyẹn.

Ẹgbẹ́ Educate Girls, tí Safeena Husain dá sílẹ̀ ní 2007 ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, dá lórí ọgbọ́n kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Team Balika ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní abúlé tiwọn láti wá ọmọbìnrin tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àjèjì tó bá bi bàbá kan léèrè pé èé ṣe tí ọmọbìnrin rẹ̀ fi ń da ewúrẹ́, ó lè gbọ́ èsì burúkú. Ọmọ ará ilé kejì lè padà wá lọ́la, kó tún padà wá lọ́túnla, títí tí bàbá á fi ní kó jókòó. Ara ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní 2025 ni wọ́n fi ẹ̀bùn Ramon Magsaysay dá ẹgbẹ́ náà lọ́lá. Ní Tilonia, ní Rajasthan kan náà, ọ̀dọ̀ àwọn tí Bunker Roy kó jọ ní 1972, ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni wọ́n ṣí láti 1975 fún ọmọ tó ń da ẹran lọ́sàn-án. Wọn kò ní kí ọmọ fi ewúrẹ́ sílẹ̀. Aago ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n yí padà.

Àwọn tó ń fi owó ṣe tiwọn náà wà. Rippan Kapur, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfúrufú, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà dá CRY sílẹ̀ ní 1979 pẹ̀lú 50 rúpíì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Íńdíà ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, dá Asha sílẹ̀ ní 1991. Orúkọ náà túmọ̀ sí ìrètí, ìfara-ẹni-jìn sì ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń ṣe é. N kò kẹ́gàn wọn o, ẹni tó ń rà ṣọ́ọ̀kì àti ìwé kó lè dé ọwọ́ ọmọ ti ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, ẹni tó jókòó ti ọmọ ni mo máa mú.

Àwọn kan ní Íńdíà máa ń bínú sí gbogbo èyí. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń ṣe ló ń jẹ́ kí ìjọba máa sùn, pé ọmọ olówó ní olùkọ́ tó gboyè, ọmọ mẹ̀kúnnù ní aládùúgbò tó ṣàánú. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, n kò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé olùyọ̀ǹda ara-ẹni tó bá ríṣẹ́ gidi á lọ, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí. Mo kàn ń wò ó pé ọmọ tó wà ní kíláàsì karùn-ún lọ́dún yìí kò lè dúró de àtúnṣe tí ìjọba máa ṣe lọ́dún mẹ́wàá sí i. Nígbà náà á ti di bàbá ọmọ. Nǹkan kan sì tún wà: nínú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìgbèríko, àwọn tó lè ka ìwé kíláàsì kejì jẹ́ bíi 16 nínú 100 ní 2022, ní 2024 wọ́n ti lé ní 23, wọ́n sì ju ti 2018 lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni mo wí. Ìjọba ti ń gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni.

Ní abúlé Bhabta, ní àgbègbè Murshidabad ní West Bengal, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tó ń jẹ́ Babar Ali bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2002. Òun ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn kò lọ. Bó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń fi àjákù ṣọ́ọ̀kì kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ òun, nínú ọgbà ilé bàbá rẹ̀, lábẹ́ igi gúáfà, àbúrò rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn oníròyìn BBC dé ibẹ̀ ní 2009, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti tó 800. Ìyá ẹlẹ́ja kan tí kò mọ̀wé kà ni ó ń lu aago fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ní òwúrọ̀, bó bá ń kiri ẹja láti ilé dé ilé, ó máa ń ṣọ́ ọmọ tó bá rí tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, yóò sì kọjú sí ìyá ọmọ náà.